Àjàrà Tí Wọn Ò Hú Tán Lórí Òkè Tortona

Ọmọ adẹ́mu ni mí. Ní abúlé wa lẹ́bàá Iléṣà, ẹmu tí bàbá mi bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ ní ìdájí, a gbọ́dọ̀ ti tà á tán kí oòrùn tó kàntàrí. Èyí tó bá ṣẹ́ kù di ìrọ̀lẹ́ ti ń le. Tó bá fi di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Àwọn àgbàlagbà kan fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi kì í jẹ́ kí wọ́n gbé e síwájú àlejò. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọtí tí èèyàn kò pọn, tí igi fúnra rẹ̀ fi tọrẹ, kò ju ìyẹn lọ: àárọ̀ ló ni ín.

Ìdí nìyí tí n kò fi mọ ohun tí mo lè sọ lọ́jọ́ tí ìyá arúgbó kan ní Monleale, abúlé kan ní Ítálì, bu wáìnì funfun fún mi, tó ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Mo ti gbọ́ pé wáìnì pupa a máa dàgbà. Funfun ńkọ́? Kò wá sí mi lọ́kàn rí. Mo gbé ife sókè síwájú fèrèsé, ọtí náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí oyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Mo gbóòórùn rẹ̀, oyin náà ni, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oyin, nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tó gbé mi padà sílé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: òórùn fìtílà kẹrosíìnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa. Mo mu ún. Ó kan díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n bí ọsàn wẹ́wẹ́, ó wá tẹ́ sílẹ̀, ó sì pẹ́ lẹ́nu mi kó tó lọ.

Mo béèrè orúkọ rẹ̀. Ó ní Timorasso ni, orúkọ àjàrà tí wọ́n fi ṣe é.

Torino ni mo ti ń kàwé nígbà náà. Ó di ọdún kẹta mi níbẹ̀, owó ilé ti wọ̀ mí lọ́rùn, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀dó ló sọ fún mi pé wọ́n ń wá àwọn tí yóò bá wọn kórè àjàrà lápá Tortona. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó gba Asti kọjá, ó gba Alessandria kọjá, ó já mi sí ìlú kékeré kan tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú bí ẹní. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá yíjú sí apá ìlà-oòrùn àti gúúsù, òkè ló kù. Ibi tí àgbègbè Piemonte ti ń parí nìyẹn, tí Lombardia ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ilẹ̀ sì ń gùn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọ̀nà Liguria àti òkun Genova. Odò Scrivia, Ossona, Grue àti Curone ló la àwọn òkè náà, àwọn abúlé sì jókòó sórí wọn: Monleale, Sarezzano, Costa Vescovato, Volpedo.

Ìyá tí mo ń sọ yìí ló ni ọgbà tí wọ́n gbà mí sí. Nonna ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ tí ọmọ ń pe ìyá àgbà ní Ítálì, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó dàgbà tó láti bí ìyá mi, n kò lè la orúkọ mọ́ ọn lórí. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó ṣì ń wá sóko lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ kékeré kan tó fi ń gbá ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ń fún àjàrà sí, kí yanrìn má bàa wọlé.

Ọjọ́ kìíní tí mo dé ìlà Timorasso, mo bà á jẹ́. Mo ti kórè barbera fún ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, àjàrà pupa ni, ó gbó dọ́gba, awọ rẹ̀ le, èèyàn lè gé e bí ẹni ń gé ẹ̀fọ́. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ti Timorasso, èso bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sílẹ̀ wàràwàrà bí òjò àkọ́rọ̀. Ìdì kan ṣoṣo, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti pọ́n, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì tutù yọ̀yọ̀. Èyí tó tóbi tó orí àtàǹpàkò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí kò ju èso òtìlí lọ. Nonna wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò pariwo. Ó mú ọwọ́ òsì mi, ó fi sábẹ́ ìdì àjàrà náà, ó ṣẹ́ ìka mi po bí a ṣe ń ṣe é nígbà tí a bá fẹ́ gbé orí ọmọ tuntun, ó wá ní kí n fi ọwọ́ ọ̀tún gé e. Láti ọjọ́ náà, n kò tún mọ ọ̀nà mìíràn láti kórè.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìwà tí mo bá pàdé lọ́wọ́ àjàrà yìí lọ́jọ́ náà gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run. Igi rẹ̀ a máa ru ewé bí ẹni pé ewé la gbìn ín fún, àwọn èèhù rẹ̀ púpọ̀ kì í sì í so. Èyí tó bá so, òdòdó rẹ̀ kì í di èso tán. Èyí tó bá di èso, kì í gbó lẹ́ẹ̀kan náà. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, bí òjò bá rọ̀ nígbà ìkórè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu nìyẹn. Àgbẹ̀ tó bá ní ọmọ láti bọ́ yóò wo irú igi bẹ́ẹ̀ títí, yóò ṣírò rẹ̀, yóò sì gbé ọkọ́.

Ṣáájú ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Timorasso wọ́pọ̀ lórí àwọn òkè wọ̀nyí. Kòkòrò phylloxera ló kọ́kọ́ dé. Láti Amẹ́ríkà ló ti wá, ó kéré débi pé ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ rí i, gbòǹgbò àjàrà ló sì ń jẹ. Ó ba ọgbà àjàrà jẹ́ káàkiri Yúróòpù. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo tí wọ́n rí ni kí wọ́n máa di ẹ̀ka àjàrà tiwọn mọ́ gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà tí kòkòrò náà kò lè pa. Ìyẹn ni pé gbogbo ọgbà ni wọ́n ní láti tún gbìn. Bí èèyàn bá sì ní láti tún gbogbo oko rẹ̀ gbìn, yóò béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé kí ni kí òun gbìn báyìí. Àwọn ará Tortona wo apá gúúsù sọ́dọ̀ àwọn ará Gavi, wọ́n rí cortese, àjàrà funfun: ó ń so púpọ̀, kì í yọni lẹ́nu, ọjà rẹ̀ sì wà ní Genova àti Milano. Cortese ni wọ́n gbìn, àti barbera.

Ẹni tó bá ti dáko nílé wa yóò mọ̀ ọ́n lára. Iṣu ń fẹ́ ebè, ó ń fẹ́ igi tí yóò gùn, ó ń fẹ́ kí a máa wo ojú rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni ṣe ìyẹn; gé igi rẹ̀, gbìn ín sílẹ̀, máa bá tìrẹ lọ. Nígbà tí agbára ń tán nílẹ̀ tí àwọn ọmọ sì ń lọ sí ìlú ńlá, mo rí bí oko ẹ̀gẹ́ ṣe gba ibi tí oko iṣu wà lábúlé wa lọ́dọọdún. N kò rí ẹnikẹ́ni tó jókòó pinnu pé kí ewùrà parẹ́. Wọ́n kàn ń gbin ohun tí apá wọn ká ni. Nítorí náà, mi ò lè bú àwọn àgbẹ̀ Tortona. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ọ̀dọ́ sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí òkè lọ sí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Torino, Milano àti Genova, àwọn arúgbó ló kù pẹ̀lú ọkọ́. Ta ni yóò máa fi ọwọ́ òsì gbé orí àjàrà?

Ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ bí Timorasso ṣe padà wá ni Walter Massa, àgbẹ̀ ọmọ Monleale. Ní àwọn ọdún 1980, Timorasso tó ṣẹ́ kù kò pọ̀ rárá, ìlà kan níhìn-ín, igi mélòó kan lọ́hùn-ún láàárín àjàrà mìíràn. Massa kó èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jọ, ní 1987, ó fún un lọ́tọ̀, ó ṣe é lọ́tọ̀, kí ó lè mọ ohun tó jẹ́ gan-an. Ẹ ro irú àkókò tó jẹ́ wò. Ní 1986, ọdún kan péré ṣáájú, àwọn oníjìbìtì kan ti fi methanol, ọtí olóró, sí wáìnì ní Piemonte, ó lé ní ogún èèyàn tó kú, àwọn mìíràn sì fọ́jú. Àwa náà mọ irú ikú bẹ́ẹ̀; ní 2015, nígbà tí àwọn èèyàn ń ṣubú ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí àwọn kan ń sọ pé òrìṣà ló ń jà, methanol inú ògógóró ni wọ́n padà rí. Ọjà wáìnì Ítálì wó lulẹ̀ lọ́dún náà. Wáìnì pupa sì ni òkìkí Piemonte, Barolo, Barbaresco, kò sẹ́ni tó ń wá sí Piemonte wá béèrè funfun tó lágbára láti òkè tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ìgbà náà ni ọkùnrin yìí pa àjàrà tó ń so dáadáa tì, tó mú èyí tó ń já bọ́ lọ́wọ́.

Ó tún gbìn ín. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e nígbà tó yá: Claudio Mariotto ní Vho, Luigi Boveri ní Costa Vescovato, ìdílé Semino tó ni La Colombera, níbi tí Elisa Semino ti ń ṣe wáìnì. Lónìí, Timorasso tó wà nílẹ̀ ti lé ní igba hẹ́kítà. Àwọn ilé tó ń ṣe wáìnì Barolo fúnra wọn, Vietti, Borgogno, ti wá ra ilẹ̀ sí àwọn òkè tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń sá kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1960. La Spinetta náà ti dé ibẹ̀.

Mo bọ̀wọ̀ fún Massa gidigidi. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń fò, òun ni mo sì fẹ́ràn jù nínú rẹ̀. Kó tó lè kó wọn jọ, wọ́n ní láti wà nílẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti fi wọ́n sílẹ̀.

Ọkọ Nonna wà lára àwọn tó hú Timorasso. Nonna ló sọ ọ́ fún mi nínú ilé ìdáná rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tó ń gé wàràkàṣì Montébore fún wa. (Wàràkàṣì yẹn náà yẹ fún ìròyìn: wàrà màlúù àti ti àgùntàn ni wọ́n pò pọ̀, wọ́n wá to ó ní ìpele mẹ́ta, tóbi nísàlẹ̀ kékeré lókè, bí ilé ìṣọ́. Òun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é padà ní ìparí àwọn ọdún 1990.) Ó ní ọkọ òun hú ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, kó lè gbin cortese. Nígbà tó ku ìlà méjì péré, lẹ́yìn ilé, ilẹ̀ ṣú. Ó wọlé, ó fọ ọwọ́, ó ní òun á parí rẹ̀ lọ́la.

Mo ní, “Lọ́jọ́ kejì ńkọ́, Nonna?”

Ó ní lọ́jọ́ kejì, ọkọ òun wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Lọ́jọ́ kẹta bákan náà. Ó ní òun kò bi í léèrè rí títí ó fi kú, bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni o, bóyá kò fẹ́ ni o. Àwọn ọmọ a máa já èso ibẹ̀ jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láti ara ìlà méjì yẹn ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti gé ẹ̀ka nígbà tí òkìkí Timorasso bẹ̀rẹ̀ sí í kàn, òun ló sì gbin ọgbà tí mo ti ń kórè.

Ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Ó ń funfun, ó ń dà bí eérú, tí òjò bá rọ̀, ó lẹ̀ mọ́ bàtà bí amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ìkòkò. Tí oòrùn bá ràn, ó la, ó sì le bí àpáta. Amọ̀ tó pò mọ́ ẹfun ni, ìsàlẹ̀ òkun ló sì wà tẹ́lẹ̀. Mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣa ìkarahun òkun nínú oko, ní ibi tí a kò ti lè rí òkun bí èèyàn tilẹ̀ gun igi. Ní 1858, onímọ̀ ilẹ̀ kan láti Siwisalandi, Karl Mayer-Eymar, fi orúkọ Tortona pe ìgbà tí irú ilẹ̀ yìí ń jókòó sílẹ̀, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù mọ́kànlá ààbọ̀ ọdún sẹ́yìn, tó sì parí ní nǹkan bíi mílíọ̀nù méje ọdún sẹ́yìn. Tortonian ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ káàkiri ayé ń pè é. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣàlàyé ilẹ̀ La Morra àti ti abúlé Barolo, níbi tí wáìnì ti gbówó lórí jù ní Piemonte, Tortonian náà ni wọ́n ń dárúkọ. Ó yà mí lẹ́nu pé ìlú tó fún ilẹ̀ Barolo lórúkọ wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹnikẹ́ni kò ka ọgbà àjàrà tirẹ̀ sí.

Wọn kì í kánjú ṣe wáìnì rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti hó tán, wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Bàbá mi ì bá fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu dànù, ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún, òun ló ń bọ́ ọtí, tó ń fún un ní ara. Tí wáìnì náà bá jáde, ó lágbára, ọtí inú rẹ̀ sábà máa ń lé ní ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì tún ní kíkan tó mú un dúró ṣinṣin. Nígbà tó wà ní kékeré, èso píà àti òdòdó ni yóò máa rùn, kò ní sọ ohun púpọ̀ fún èèyàn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, márùn-ún, kí ẹ tó gbọ́ oyin, kí ẹ tó gbọ́ òkúta odò àti fìtílà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn nípa bí wọ́n ṣe ń tà á báyìí. Ní àwọn ilé oúnjẹ tí mo ti rí i ní Torino àti Milano, ti ọdún tó kọjá ni wọ́n ń ṣí. Wọ́n fi ogójì ọdún dúró dè é kó padà, wọn ò lè fi ọdún mẹ́ta dúró dè é nínú ìgò.

Mo fi gbogbo ọkàn mi fara mọ́ orúkọ tí àwọn tó ń ṣe é fẹ́ kí a máa pè é ṣá. Derthona ni wọ́n ń kọ sára ìgò, orúkọ àtijọ́ tí ìlú Tortona ń jẹ́ láyé àwọn ará Róòmù, nígbà tí ojú ọ̀nà Postumia gba àárín rẹ̀ kọjá láti Genova lọ sí Aquileia. Orúkọ àjàrà, ẹnikẹ́ni lè mú un lọ gbìn síbi tó bá wù ú, kó sì máa tà á. Orúkọ ìlú kò ṣeé gbé. Ìlú yìí sì ti mọ bí a ṣe ń kú tí a sì ń jí. Frederick Barbarossa, ọba Jámánì, fọ́ ọ túútúú ní 1155, wọ́n tún un kọ́.

N kò lè sọ nípa àwọn òkè yìí kí n má sọ ti Fausto Coppi, eléré ìje kẹ̀kẹ́. Castellania ni wọ́n bí i sí ní 1919, abúlé kékeré tí àjàrà yí ká. Iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ alápatà ní Novi Ligure ni wọ́n fi í sí nígbà ọmọdé, kẹ̀kẹ́ ló fi ń gbé ẹran lọ fún àwọn oníbàárà. Kẹ̀kẹ́ yẹn ló gbé e dé ibi tí kò sí ọmọ Ítálì tí kò mọ orúkọ rẹ̀: ó gba Giro d’Italia lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó gba Tour de France lẹ́ẹ̀mejì, ní 1949 àti 1952. Àwòrán rẹ̀ wà ní gbogbo ilé ọtí ibẹ̀. Mo ti ń wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó béèrè ohun tó pa á, nítorí mo rí i pé ẹni ogójì ọdún péré ni.

Nonna ní, “Malaria ni. Láti ilẹ̀ yín lọ́hùn-ún.”

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1959, Coppi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kan lọ sí Upper Volta, tí à ń pè ní Burkina Faso lónìí, wọ́n sáré kẹ̀kẹ́ ní Ouagadougou, wọ́n ṣọdẹ. Ẹ̀fọn jẹ wọ́n. Nígbà tó padà délé, ara rẹ̀ gbóná, ó ń gbọ̀n, àwọn dókítà rò pé àìsàn òtútù ló ń ṣe é. Raphaël Géminiani, ọmọ Faransé tí wọ́n jọ lọ, ní ibà kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n tètè mọ̀ ọ́n nílẹ̀ Faransé, wọ́n fún un ní kiníìnì, ó yè. Coppi kú ní Tortona ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 1960.

Ó ṣe mí bákan. Ibà! Ohun tí ìyá mi yóò kàn fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí lọ́rùn tí yóò ti mọ̀. Ọkùnrin tó gun gbogbo òkè Alps lórí kẹ̀kẹ́, àìsàn tí mo ti ní kí n tó mọ orúkọ ara mi ló mú un lọ, nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ ojú rẹ̀ níbi tó wà. Nonna sọ bí ọ̀pọ̀ èrò ṣe gun òkè Castellania nínú òtútù lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín. Mo sọ fún un pé mo bá wọn kẹ́dùn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí i pé ó ti pẹ́ jù.

Mo lò ju ìkórè kan lọ lọ́hùn-ún. Mo sì ń gbé ìgò padà sí yàrá mi ní Torino, mo ń dán an wò pẹ̀lú oúnjẹ tèmi. Ọbẹ̀ ata òfadà kò bá a mu rárá, agbára ọtí yẹn dá kún ata ni, ahọ́n mi gbóná bí ẹni pé wọ́n tan iná sí i. Ṣùgbọ́n iyán àti ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, n kò tíì rí wáìnì tó jókòó ti ẹ̀gúsí bẹ́ẹ̀. Kíkan rẹ̀ a máa gé epo, èéfín ara ẹja àti èéfín inú ọtí a sì máa pàdé.

Nígbà tí mo máa lọ sílé fún ọdún Kérésìmesì, Nonna wọ yàrá ìsàlẹ̀ ilé lọ, ó mú ìgò kan wá. Ó ní kí n gbé e fún bàbá mi. Mo fi ẹ̀wù òtútù mẹ́ta wé e nínú àpótí.

Bàbá mi kò gun ọ̀pẹ mọ́. Igbà rẹ̀ ṣì wà lára ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti gan. Lálẹ́, lẹ́yìn tí a jẹun tán, mo ṣí ìgò náà, mo bu díẹ̀ sí ife gíláàsì, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó gbóòórùn rẹ̀ pẹ́ títí, bó ṣe máa ń gbóòórùn ẹmu kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà á. Ó mu ún. Ó dákẹ́. Ó ní, “Ó dà bí omi òjò tó jókòó sórí àpáta, tí oyin wá kán sí i.” Mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn tó fi wáìnì ṣe iṣẹ́ sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó mú ìgò náà, ó wò ó lójú iná, ó rí i pé ó ku ìdajì. Ó de ẹnu rẹ̀, ó ní kí a fi sílẹ̀ di ọ̀la. Mo mọ ohun tó fẹ́ rí. Ní gbogbo ayé rẹ̀, kò tíì rí ọtí igi tó mọ́júmọ́ tí kò kan.

Ní ìdájí, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ní pálọ̀. Mo jáde, mo kí i, ó ti bu ún sí ife méjì. Ó ti là ju ti àná lọ. Oyin náà ti wá síwájú, fìtílà ti padà sẹ́yìn. Bàbá mi mu ún díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀run tó ń mọ́ bọ̀. Mo wá sọ ìtàn ọkọ Nonna fún un, ìlà méjì lẹ́yìn ilé, bí ilẹ̀ ṣe ṣú, bó ṣe ní òun á parí rẹ̀ lọ́la.

Ó ní, “Ìyàwó rẹ̀ ní bóyá ó rẹ̀ ẹ́?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ló sọ.

Ó mi orí. Ó ní ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ kan hú oko, ìlà méjì kò lè rẹ̀ ẹ́. Ó wá bi mí bóyá ọkùnrin náà ní ìyá láyé nígbà náà, bóyá ìyá rẹ̀ ló gbin àwọn tó wà lẹ́yìn ilé yẹn. N kò mọ̀. Ó ní kí n béèrè nígbà tí mo bá padà.

Ìyá mi fọ ìgò náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó sá a sóòrùn, ó wá rọ ẹ̀pà yíyan kún un dé ọrùn. Orí tábìlì ní pálọ̀ ló gbé e sí. Àlejò tó bá wọlé, Derthona ni yóò kọ́kọ́ kà lára rẹ̀ kó tó gba ẹ̀pà.